Aṣọ Tó Pòórá Lórí Ọ̀sà

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán ń lọ lọ́wọ́, aṣọ ìbora Màmá Dáramọ́lá pòórá nínú yàrá rẹ̀, nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó dúró gbagidi lórí ọ̀sà Èkó. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti dá Happiness, ìyàwó Akíndèjì ọmọ rẹ̀, lẹ́bi. Nígbà tí ìdílé náà ń padà bọ̀ wá sí Ọ̀kà-Àkókó, Happiness ò bá wọn délé. Ó ní kí awakọ̀ dúró fún òun ní Ọ̀bà, ó gbé báàgì kan ṣoṣo, ó gba ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó pè é padà.

Èyí ló ń dun Zacchaeus jù. Òun ni àbíkẹ́yìn ilé náà, oníṣẹ́ iná ni ní Ìkàrẹ́, iwájú ọkọ̀ ló sì jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Happiness wọ ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ṣòkòtò péńpé ilé ìwé ló ṣì wà nídìí Zacchaeus. Obìnrin yẹn ló ń se ẹ̀wà tó ń jẹ kó tó lọ ṣe ìdánwò. Òun ló jókòó tì í nígbà tí ibà fẹ́ẹ̀ gbé e lọ, lọ́dún tí òjò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ jẹrà sínú ilẹ̀ tí kò sí gaàrí nílé. Síbẹ̀ ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ obìnrin náà rí.

Akíndèjì ti sọ pé bí ó bá di Sátidé tó ń bọ̀, òun yóò kó ìyókù ẹrù ìyàwó òun tọ̀ ọ́ lọ sí Ọ̀bà. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Zacchaeus ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lọ bá Ìyá Kafilat.

Kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Kafilat ní Ìkàrẹ́. Mọ́júbọ́lá lorúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ṣe lábẹ́ ọlọ́pàá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nísinsìnyí ó ń ta ọ̀dà ilé lẹ́bàá ọjà, àwọn tí nǹkan bá sì dojú rú mọ́ lọ́wọ́, tí wọn ò fẹ́ kó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí ó bá ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò, ẹ̀gúsí ló máa ń bó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró lórí ẹ̀gúsí, kí òpùrọ́ wá ọ̀nà ilé.

Zacchaeus dọ̀bálẹ̀. Ó bi í bóyá ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wọn.

“Gbogbo Ìkàrẹ́ ló ti gbọ́,” ni Ìyá Kafilat wí. “Òótọ́ ibẹ̀ nìkan ni wọn ò tíì gbọ́. Jókòó sórí garawa ọ̀dà yẹn, kò ní fọ́.”

Zacchaeus bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Akíndèjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe kọngílá, ló ní ó yẹ kí Màmá rí òkun kí ọjọ́ tó lọ jù. Ọmọ ìlú Ugbe kan tó ń jẹ́ Badmus ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan ní Èkó, ó sì fi àwòrán ọkọ̀ náà hàn wọ́n nínú fóònù: omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó mọ́ bí ojú ọ̀run, oúnjẹ nínú àwo funfun, ènìyàn tó na ẹsẹ̀ sínú oòrùn. Wọ́n ní ọkọ̀ náà yóò gba Kutọnu dé Lọ́mè, yóò sì dé Gánà kó tó padà.

Kò dé ibì kankan. Kí wọ́n tó jáde kúrò nínú ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì kú. Láti orí ọkọ̀ náà, afárá tí wọ́n fi mọ́tò gbà kọjá lówùúrọ̀ ni wọ́n ń wò ní gbogbo ọjọ́. Àga oníke kan tó ti kán ló wà nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, ewé sì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kán omi sórí ibùsùn. Omi ẹ̀rọ nínú ilé ìwẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Ìrẹsì tutù, ẹja ń rùn fún kẹrosíìnì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé àwọn ò ní imú. Jesse, ọmọ Akíndèjì, bì sára aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Akíndèjì ń bá ọ̀gá ọkọ̀ jà láàárọ̀, ó ń bá a jà nírọ̀lẹ́. Màmá nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

“Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?”

“Wọ́n ní ọkọ̀ tí kì í rìn, ilé ni. Wọ́n ní ilé tí ó wà lórí omi ò burú fún ẹni tí ó dàgbà sórí òkè.”

Ìyá Kafilat náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kó wá sọ ọ̀rọ̀ aṣọ.

Aṣọ tí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ni. Nínú ìdílé wọn, obìnrin tó bá mọ òfì kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn hun aṣọ tí wọn yóò fi sin òun. Lẹ́yìn ikú Bàbá Dáramọ́lá ni Màmá gbé òfì ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó hun ún ní aró àti funfun, ó sì fi abẹ́rẹ́ so ìbú rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Àpótí ni aṣọ náà ń gbé. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé Màmá gbé e dání wá sínú ọkọ̀, àfi ìgbà tó figbe ta pé òun ò rí i mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá Màmá, ọrùn rẹ̀ ló so ó mọ́. Èkejì wà lọ́wọ́ Badmus. Nígbà tí wọ́n bi Badmus, ó ní obìnrin kan pe òun lórí tẹlifóònù tó wà lára ògiri ọkọ̀, pé kí òun ṣí yàrá Màmá, Happiness ni obìnrin náà sì pe ara rẹ̀. Òun ṣí i, òun sì yára padà sí ilé ìdáná. Happiness ní òun kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́.

“Níbo ni kálukú wà?”

Zacchaeus ní òun àti Màmá jókòó sídìí oúnjẹ. Bọ̀dá Dèjì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ọkọ̀. Happiness lọ fọ aṣọ Jesse. Àǹtí Ẹwà, ìyẹn Ẹwàolúwa, àkọ́bí ilé wọn tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìkàrẹ́, ní òòyì ń kọ́ òun, ó sì lọ dùbúlẹ̀.

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò lè fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀ nínú fóònù?”

Ojú Zacchaeus le. Ó ní òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, òun ni òun ń yọ eegun ẹja fún wọn, kí wọ́n bi Màmá.

“Mo mọ̀,” ni Ìyá Kafilat wí, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. “Mo kàn fẹ́ mọ bí ìwọ ṣe máa ń bínú ni. Ó wúlò láti mọ̀.”

*

Wọn ò tíì dìde nígbà tí fóònù Zacchaeus dún. Akíndèjì ni. Ó ní wọ́n ti rí aṣọ Màmá níbi tí wọ́n so ó kọ́ sí ní ọjà Ìkàrẹ́, kí Zacchaeus tètè wá fojú ara rẹ̀ rí ohun tí obìnrin tó ń gbèjà ṣe.

Ìsọ̀ Habeebat ni, ẹni tó ń ta ògbólógbòó aṣọ òfì. Akíndèjì ti sáré débẹ̀ ṣáájú wọn. Ó gbá aṣọ náà mú ní etí kan, Habeebat gbá a mú ní etí kejì, àwọn èrò sì ti yí wọn ká. Akíndèjì ń sọ pé àwọn ará ilé ìyàwó òun ló tà á. Habeebat ní bí ọkọ bá ti lé ìyàwó rẹ̀ tán, kó má fi ìsọ̀ onísọ̀ ṣe ilé ẹjọ́.

Ó jọ aṣọ Màmá. Aró náà ni, funfun náà ni, ìlà rẹ̀ tilẹ̀ rí bákan náà.

Ìyá Kafilat kí wọn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì bí ìgbà tí ènìyàn gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ké, ó dojú inú rẹ̀ síta, ó fi ìka tọ ojú ìrán àárín rẹ̀.

“Kọngílá,” ó pe Akíndèjì, “ìyá yín ní ẹ̀rọ ìránṣọ bí?”

Akíndèjì ní rárá.

“Ẹ̀rọ ló rán eléyìí. Wo bí ó ṣe tò lọ gbọnrangandan. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ kì í rìn báyìí, àgàgà abẹ́rẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà.”

Habeebat wá sọ pé ọwọ́ àwọn ará Ìgbìrà ni òun ti rà á, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀, kí wọ́n bi àwọn alájọtà òun. Wọ́n bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Akíndèjì ju aṣọ sílẹ̀, ó ń nu òógùn.

“Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ gbọ́n,” ló wí fún Ìyá Kafilat. Kò mọ̀ bóyá òun fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀ tàbí òun fẹ́ dúpẹ́.

“Ọjọ́ Sátidé ni màá wá sílé yín,” ni obìnrin náà dá a lóhùn. “Má kó ẹrù kankan jáde kí n tó dé.”

Bí wọ́n ti ń lọ, Habeebat pariwo tẹ̀lé Akíndèjì pé bí ó bá tún nílò aṣọ tí yóò fà, kó mú ti ara rẹ̀ wá láti ilé.

*

Badmus wà nílé ìyá rẹ̀ ní Ugbe, nítorí ọkọ̀ náà ṣì ń gba àtúnṣe. Zacchaeus fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé Ìyá Kafilat lọ, igbá ẹ̀gúsí wà nínú àpò ọ̀rá lórí itan obìnrin náà. Lójú ọ̀nà, Zacchaeus ní òun fura sí Badmus fúnra rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ìpè náà.

Ìyá Kafilat ò gbà. “Bí ó bá jẹ́ pé òun ló mú un, kò ní sọ pé òun ló ṣílẹ̀kùn. Á ní òun ò mọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ṣílẹ̀kùn ti fi ara rẹ̀ sínú ẹjọ́. Olè kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ojú ti Badmus nígbà tó rí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹ̀bi òun pé ẹ́ńjìnnì kú, pé àwòrán tí òun fi hàn wọ́n, ìgbà tí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ tuntun ni wọ́n yà á. Ìyá Kafilat ní kó fi àwòrán sílẹ̀. Ó ní kó sọ ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn bá a sọ.

“Ó ní kí n ṣí yàrá Màmá.”

“Mi ò bi ọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí etí rẹ gbọ́ ni kó o sọ. Bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.”

Badmus pajú dé. Ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀, òun ò lè dá ohùn mọ̀, ṣùgbọ́n òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa nítorí pé Yorùbá ni obìnrin náà sọ, kì í ṣe òyìnbó tí àwọn èrò ọkọ̀ máa ń sọ. “Ó ní, ‘Badmus, bá mi ṣí yàrá Màmá, Akíndèjì ló ní kí n pè ọ́. Zacchaeus ń bọ̀ wá mú oògùn níbẹ̀.’ Mo bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, ‘Happiness ni.’”

“Tún un sọ.”

Badmus tún un sọ. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà.

“Ó dákẹ́ díẹ̀?”

“Bí ẹni pé ẹnì kan ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, mà. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ.”

Zacchaeus wo ọwọ́ Ìyá Kafilat. Ọwọ́ náà ti dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá Badmus fún omi tó bu fún wọn, ó sì ní ó yá, Ọ̀bà ló kàn.

*

Wọ́n gba Akùngbá kọjá. Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀bà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n bá Happiness, ó ń yan gaàrí pẹ̀lú ìyá rẹ̀, èéfín bo ojú àwọn méjèèjì. Ó rí Zacchaeus, ó kúnlẹ̀ nínú eérú níbẹ̀.

“Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀. Jesse ńkọ́?”

Zacchaeus ní ara rẹ̀ le. Ìgbà tó ṣì ń lọ sílé ìwé ni obìnrin yìí ti sọ ọ́ ní Akọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà ló wá ń fà káàkiri ilé onílé lónìí.

Ìyá Happiness ò kí wọn. Ó ní bí wọ́n bá wá wo àpótí ọmọ òun, kí wọ́n wò ó kí wọ́n máa lọ, gaàrí ò gbọdọ̀ jó. Ìyá Kafilat fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó sídìí iná, ó gbé igbá ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀, ó ń bó o. Lẹ́yìn náà ló ní kí Happiness sọ ibi tí kálukú wà nígbà tí aṣọ pòórá.

“Akọ̀wé wà pẹ̀lú Màmá. Bàbá Jesse ti lọ bá ọ̀gá ọkọ̀. Eyínfúnjowó ní òòyì ń kọ́ wọn, wọ́n lọ dùbúlẹ̀.”

“Ta ni Eyínfúnjowó?”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni.”

“Kí lorúkọ wọn?”

Happiness wolẹ̀. “Akọ̀wé á sọ fún yín, mà.”

“Ìwọ ni mò ń bi. Ìwádìí la wá ṣe. Bí o bá kọ̀ láti dáhùn, mo lè sọ pé nǹkan kan wà tí ò ń fi pamọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lólè ná.”

“Ẹ máa sọ pé mo fi pamọ́,” ni Happiness wí. Kò gbé ohùn sókè. “Wọ́n ti wà nílé yẹn kí n tó débẹ̀. Mi ò lè la ẹnu dárúkọ wọn.”

“Títí kan ìsinsìnyí tí wọ́n ti lé ọ jáde?”

Happiness ro gaàrí náà yíká kó tó dáhùn.

“Àwọn ló lé mi. Èmi ò tíì lé wọn.”

Ìyá rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní èéfín ń yọ òun lẹ́nu. Ìyá Kafilat gbé igbá rẹ̀ padà sínú àpò ọ̀rá. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan Happiness léjìká, ó ní kó má jẹ́ kí gaàrí jó.

Wọ́n ti kúrò ní Ọ̀bà kí Zacchaeus tó bi í pé kí ló rí. Ó ní kó dá ọ̀kadà dúró sábẹ́ igi.

“Láti ọjọ́ tí obìnrin yẹn ti wọlé yín, ṣé o ti gbọ́ orúkọ ara rẹ lẹ́nu rẹ̀ rí?”

“Rárá, mà.”

“Ti ọkọ rẹ̀ ńkọ́?”

“Bàbá Jesse ni. Kí wọ́n tó bí Jesse, Olówó-orí-mi ni.”

“Obìnrin tó pe Badmus, kí ló pe ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ?”

“Zacchaeus àti Akíndèjì,” ni Zacchaeus dáhùn. Àárọ̀ yẹn ló gbọ́ ọ. Etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní bóyá nítorí pé àlejò ló ń bá sọ̀rọ̀ ni, bóyá ó rò pé Badmus ò ní mọ Akọ̀wé.

“Ohun tí mo rò náà nìyẹn ní Ugbe,” ni Ìyá Kafilat wí. “Ìdí tí mo fi wá Ọ̀bà nìyẹn. Àlejò ni mo jẹ́ sí i. Mo fi ìwádìí dẹ́rù bà á, mo fi lílé tí ẹ lé e ta á. Ṣé ó dárúkọ? Bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ó sì ti wọ ara. Ẹni tó pe Badmus ń purọ́ nípa ẹni tí òun jẹ́, ó sì ronú kó tó dárúkọ Happiness. Ṣùgbọ́n kò ronú rárá kó tó dárúkọ ẹ̀yin méjèèjì. Bí ó ṣe ń pè yín láti kékeré ló pè yín. Ìwọ kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní Akíndèjì lásán.”

“Bọ̀dá Dèjì ni mò ń pè wọ́n.”

“Ta ló wá lè pè é bẹ́ẹ̀?”

Zacchaeus kà wọ́n lọ́kàn rẹ̀. Ẹni méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ yẹn tó lè ṣe é. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹja ni Màmá ń jẹ nígbà yẹn. Ó jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń wo òkè tó wà níwájú, ó sì wù ú pé kí òun má tíì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Síbẹ̀ kò lè ṣe kó má yin obìnrin àgbà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ohun tí gbogbo ilé wọn fi etí gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, òun nìkan ló gbọ́ ọ ní àgbọ́yé.

*

Nígbà tó di Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Dáramọ́lá ní Ọ̀kà, àpótí Happiness sì ti wà lórí rẹ̀. Akíndèjì ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá Kafilat kí Màmá, ó béèrè omi, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀.

Màmá wà lórí àga rẹ̀. Láti ìgbà tí aṣọ ti sọnù, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹun. Ẹwàolúwa jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò sí ọmọ tó ń tọ́jú ìyá bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ọ̀kà, kálukú ló mọ̀.

Ìyá Kafilat sọ̀rọ̀ Badmus fún wọn. Ó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lórí fóònù gan-an. Ó wá yíjú sí Akíndèjì, ó bi í pé, láti ọjọ́ tó ti gbé Happiness níyàwó, ọjọ́ wo ni obìnrin náà pè é ní Akíndèjì.

Akíndèjì ní kò sí. Abẹ̀bẹ̀ ti dúró lọ́wọ́ Ẹwàolúwa.

“Olùkọ́,” ni Ìyá Kafilat wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, “mi ò pè ọ́ lólè. Ẹni tó bá jí aṣọ, á tà á tàbí kó ró o. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí rẹ̀.”

Akíndèjì dìde fùú, ó ní ta ló ń bá àǹtí òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

“Jẹ́ kó sọ̀rọ̀, Akíndèjì.”

Ẹwàolúwa gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí àwọn tó rìnrìn àjò náà, dókítà kan ní Ọ̀wọ̀ ti sọ fún òun nìkan pé ọkàn Màmá ò lágbára mọ́. Òun ò sọ fún àwọn àbúrò òun. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wọ ọkọ̀, òun gba ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá kọjá, òun sì rí i tó tẹ́ aṣọ ìsìnkú rẹ̀ sórí ibùsùn, tó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀, tó ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

“Mo rò pé ó ti gbà pé ó tó àkókò. Mo rò pé ìdí tó fi gbé e dání nìyẹn. Mo ní bí aṣọ ò bá sí, kò ní lè lọ.” Ó nu ojú rẹ̀. “Olùkọ́ ni mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Mo jù ú sómi láti ojú fèrèsé. Ó kọ́kọ́ léfòó. Ó tẹ́ lórí omi bí ẹní. Ó pẹ́ kó tó rì.”

Zacchaeus bi í ní ìdí tó fi dárúkọ Happiness. Òun gan-an ò mọ̀ pé òun yóò la ẹnu.

“Badmus bi mí pé ta nìyẹn. Orúkọ tó wá sí mi lẹ́nu ni. Mo ní màá sọ òtítọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó sì le ju ti àná lọ. Nígbà tí Happiness sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀bà, mo mú ilẹ̀kùn ọkọ̀ dání. Mi ò ṣí i.”

Ìyá Kafilat wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò ní agbára.

“Wọ́n ní a máa bá ọ̀gá ọkọ̀ jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ ró o ni.” Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ọwọ́ mi ni mo fi hun ún. Mo ní ṣé ilẹ̀ nìkan ló yẹ kó rí i ni? Mo ní kí èmi náà fi í ṣe oge lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú.”

Ẹwàolúwa wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì fi í síbẹ̀. Ó ní kí Akíndèjì lọ sọ àpótí ìyàwó rẹ̀ kalẹ̀ kí òjò tó pa á. Ó ní bí ó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ tán, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba Ọ̀bà lọ, kí Ẹwàolúwa ṣáájú, òun ni kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ìyá Happiness, kí ó sì sọ ohun tó ṣe níwájú gbogbo agbo ilé wọn.

“Bí wọn ò bá dá yín lóhùn lónìí, ẹ sùn síbẹ̀,” ló wí.

Àwọn ará Ọ̀bà jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ pẹ́. Ìyá Happiness bá wọn wí títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ni Happiness wọlé lọ gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Happiness padà sílé. Aṣọ náà ò padà. Ó wà nísàlẹ̀ ọ̀sà Èkó. Ìka Màmá ti kákò, kò lè hun òmíràn, kò sì sí ẹnì kankan nílé náà tó kọ́ òfì lọ́wọ́ rẹ̀.